Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé éásí sí 16, owó yín lẹ̀ ń jó o!
Ohun tó yẹ kí ará Rẹ́mọ mọ̀ kó tó pe oníṣẹ́ wá kan ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ògiri

Ẹ wo ilé kan ní Ṣágámù tó jẹ́ pé mítà kan ṣoṣo ni ìdílé mẹ́fà jọ ń lò, kẹ́ ẹ wá dúró de ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn máa gbé éásí wọlé. Ọjọ́ náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Títí di àná, ọgbọọgba ni wọ́n ń dá owó káàdì iná, ẹni tó ní fíríìjì lè fi ẹgbẹ̀rún kan náírà lé tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rojọ́. Ṣùgbọ́n bí páálí gbọọrọ yẹn bá ti wọ inú ọgbà, tí oníṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi dírílì lu ògiri, ojú gbogbo ará ilé á yí padà. Ìyàwó ilé tó wà ní yàrá iwájú á ní òun ò ní í san ju iye tóun ń san tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá onílé á ní ta ló gbàṣẹ lọ́wọ́ òun kó tó dá ihò sí ògiri òun. Ẹni tó ra éásí náà á ní kí ló dé tí wọ́n ń le koko mọ́ òun, ṣebí alẹ́ nìkan lòun máa ń tàn án.

Alẹ́ nìkan yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Éásí 1HP, èyí táwọn oníṣẹ́ ń pè ní wan họ́ọ̀sì, máa ń fa iná tó tó 800 wáàtì nígbà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ láì sinmi, yúníìtì iná mẹ́fà àti díẹ̀ ló ti lọ yẹn. Ẹ kà á fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó di yúníìtì 192. Lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, sọ owó iná àwọn tó wà ní Band A di 225 náírà fún yúníìtì kan, láti nǹkan bíi 68 náírà tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lóṣù karùn-ún, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n fi í sí 209 náírà àti 50 kọ́bọ̀. Ẹ fi 209 náírà àti ààbọ̀ yìí sọ yúníìtì 192 di púpọ̀, 40,224 náírà lẹ máa rí, VAT kò tíì sí níbẹ̀ o. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 ọ̀hún, 70,000 náírà ni. Yàrá kan, éásí kan, ó ti jẹ ju ìdajì owó oṣù lọ. Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe ìlara ló ń ṣe àwọn ará ilé yẹn?

Àwọn ilé kan ti rí ọ̀nà àbáyọ sí i. Wọ́n á ní kí oníná fi mítà kékeré kan sí ojú wáyà tó lọ síbi éásí nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní sọ́bù-mítà. Ìparí oṣù, wọ́n á ka yúníìtì tó wà lójú ẹ̀, ẹni tó ni éásí á san tiẹ̀, àwọn tó kù á sì pín ìyókù bí wọ́n ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀. Owó mítà kékeré yẹn ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹjọ́ tí wọ́n máa máa bá ara wọn rò ní gbogbo ìparí oṣù.

Ṣùgbọ́n ìṣirò tó wà lókè yẹn, ti éásí tí kò sinmi rárá ni. Éásí tí wọ́n kàn mọ́ ibi tó yẹ, tí wọ́n sì fi sí ìwọ̀n tó yẹ, máa ń sinmi dáadáa láàárín òru. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè tó ìdajì owó náà. Ọwọ́ oníṣẹ́ tó kàn án àti ọwọ́ ẹni tó mú rìmóòtù dání nìyàtọ̀ ọ̀hún wà.

ÉÁSÍ KÌ Í ṢE ÒTÚTÙ, OORU LÓ Ń KÓ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ṣe ni éásí ń ṣe òtútù jáde bí iná ìdáná ṣe ń mú ooru jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru tó wà nínú yàrá ló ń kó lọ síta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó lọ dúró lẹ́yìn apá tó wà níta yẹn, kó gbọ́ bí atẹ́gùn tó ń ti ibẹ̀ jáde ṣe gbóná tó. Ooru inú yàrá nìyẹn, pẹ̀lú ooru tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ ṣe.

Àwọn ìyá wa mọ ọgbọ́n yìí kí éásí tó dé. Omi inú àmù máa ń tutù nítorí pé omi díẹ̀díẹ̀ ń là á jáde lára amọ̀, bó sì ṣe ń gbẹ dànù ló ń gba ooru lára ìyókù. Ẹni tí nọ́ọ̀sì ti fi sípírítì pa lápá rí kó tó gba abẹ́rẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe ń tutù. Gáàsì inú páìpù éásí ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yàrá: ó ń gbẹ, ó ń gba ooru. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ á wá fún un pọ̀ níta, á gbóná bí ìdí páǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe ń gbóná tí wọ́n bá ń fi fẹ́ táyà, fáànù á fẹ́ ooru yẹn dànù, gáàsì á sì tún padà wọlé. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí fún, kì í ṣe èèyàn. Lọ́dún 1902, Willis Carrier, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún pé kó wá nǹkan ṣe sí ọ̀rinrin tó ń ba bébà jẹ́ nílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn. Bébà ń wú, ó ń sún, àwọ̀ kò bá ara mu mọ́. Ibẹ̀ ni éásí òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá bébà jẹ ìgbádùn ẹ̀ ni.

Àwọn baba ńlá tó kó ìlú mẹ́tàlá jọ di Ṣágámù lọ́dún 1872 kò mọ̀ ọ́n, wọn ò sì wá a. Ilé alámọ̀ ni tiwọn, ògiri nípọn, oòrùn á pẹ́ kó tó wọnú. Búlọ́ọ̀kù oníhò la fi ń kọ́lé báyìí, páànù lórí, POP kékeré lábẹ́ ẹ̀. Ní oṣù kejì sí ìkẹta, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ooru tí páànù bá gbé ní ọ̀sán, inú yàrá ló máa ń da á sí títí di ọ̀gànjọ́. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń wo òkè àjà kí wọ́n tó sọ iye họ́ọ̀sì tí èèyàn máa rà. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti 12 lóròó, 1HP tó o. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń wọ fèrèsé ẹ̀, tí kò sí kọ́tìnì tó nípọn, tí àlàfo sì wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, 1HP ọ̀hún á máa ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Kọ́tìnì àti rọ́bà abẹ́ ilẹ̀kùn kò wọ́n tó owó iná oṣù kan.

OHUN TÁWỌN ONÍṢẸ́ KAN Ń FI PAMỌ́

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù lọ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Éásí kì í ṣe bíi fáànù tí wọ́n kàn ń fi ìṣó kọ́. Nígbà tí wọ́n bá fi páìpù so apá inú mọ́ apá ìta tán, atẹ́gùn àti ọ̀rinrin ló kún inú páìpù náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní fákúọ̀ọ̀mù fa gbogbo ẹ̀ jáde, kí wọ́n tó ṣí gáàsì sí i. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Oníṣẹ́ tó ń kánjú kì í ṣe é. Ó á tú gáàsì díẹ̀ sílẹ̀ kó fi ti atẹ́gùn jáde, á ní ó ti parí, á gbowó, á lọ. Éásí á tutù lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin tó kù nínú páìpù á dà pọ̀ mọ́ òróró kọ̀mpírẹ́sọ̀, á di ohun tó ń jẹ irin. Bó bá wá bàjẹ́ ká tó pé ọdún méjì, wọ́n á ní iná NEPA ló bà á jẹ́. NEPA kú láti ọdún 2005, síbẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ayé ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bá oníṣẹ́ dúnàádúrà, ẹ bi í léèrè: fákúọ̀ọ̀mù ńkọ́? Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíì.

Páìpù náà ń bẹ. Kọ́pà ló dáa. Àwọn kan máa ń fi alumínọ́ọ̀mù tó pọ́n bíi kọ́pà pa èèyàn lójú, torí pé ó rọjú. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀ kẹ́ ẹ rí inú. Páìpù méjèèjì, tí ńlá àti kékeré, ni fóòmù gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe pé kí wọ́n fi fóòmù kan wé méjèèjì pọ̀.

Wáyà iná ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú bọ́ọ̀dù wá tààrà, pẹ̀lú bíríkà tirẹ̀. Fún 1HP àti 1.5HP, wáyà 2.5 ló tọ́, 2HP gbọ́dọ̀ gba 4. Ẹni tó bá fi í sí ẹsitẹ́ńṣọ̀n tí tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù jọ ń lò, iná ló ń tọ́ sínú ilé. Wáyà á gbóná lójoojúmọ́, rọ́bà ara ẹ̀ á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan ni wọ́n máa jí rí èéfín. Wáyà ilẹ̀ náà ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, torí omi ń bẹ nínú éásí, omi àti iná kì í sì í ṣọ̀rẹ́.

Omi ọ̀hún tún ni ìjà kejì. Éásí 1HP lè yọ omi tó kún bọ́kẹ́ẹ̀tì lóru ọjọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀. Bí wọn ò bá jẹ́ kí rọ́bà omi náà rọ́ lọ sísàlẹ̀ dáadáa, á máa kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá sì jù ú síta sára ògiri aládùúgbò, ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀. Apá ìta pẹ̀lú, wọn ò gbọ́dọ̀ kọjú fáànù ẹ̀ sí fèrèsé ẹlòmíì. Ooru yàrá yín ni ẹ ń fẹ́ sí ojú oorun ẹni ẹlẹ́ni yẹn, bó bá bú yín, ó jàre. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tó dáa wà láàárín ẹ̀ àti ògiri. Àwọn tó ń fi irin yí i ká nítorí olè tó ń gé kọ́pà tà, wọn ò ṣe nǹkan tí kò dáa, ṣùgbọ́n irin tó ní ojú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí wọ́n lò. Ẹni tó bá gbé páànù yí éásí ká, ara ẹ̀ ló ń sun.

RÌMÓÒTÙ LỌ́WỌ́ ÀÌMỌ̀

Ẹni tó ti inú oòrùn wọlé á gbá rìmóòtù mú, ó di 16. Èrò ẹ̀ ni pé yàrá á tètè tutù ju bó ṣe máa rí lọ tó bá fi sí 24. Irọ́ ni. Éásí tí kì í ṣe ínfátà, eré kan náà ló ń sá, bóyá ẹ fi sí 16 tàbí 24. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá fi sí 24, nígbà tí yàrá bá dé ibẹ̀, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á dúró sinmi. Bí ẹ bá fi sí 16, yàrá tí páànù gbígbóná bò yẹn kò lè dé 16 láéláé, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á ṣiṣẹ́ mọ́jú, ẹ̀yin á sì fi dùfẹ́ẹ̀tì bora nítorí òtútù tẹ́ ẹ fowó ara yín rà.

Àwọn ìlú ńlá ti rí èyí tipẹ́. Lọ́dún 2005 ni ìjọba Japan ní kí àwọn ọ́fíìsì fi éásí sí 28, kí wọ́n bọ́ kóòtù àti táì. Ìjọba India sọ ọ́ dòfin pé láti oṣù kìíní ọdún 2020, éásí yàrá tí wọ́n bá ṣe gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 24 bí èèyàn bá tàn án. Ẹni tó bá wù á ló kù kó yí i. Níbi tiwa, 24 sí 26 pẹ̀lú fáànù àjà tó ń yí díẹ̀díẹ̀ tó láti sùn fọnfọn.

Ọ̀rọ̀ ínfátà yìí pàápàá, ó ti dá ọ̀pọ̀ lójú rú. Wọ́n á rí i lára páálí, wọ́n á rò pé éásí tó ń lo bátìrì ni, àbí pé wọ́n ti fi sólà sí i. Rárá o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ ẹ̀ lè rọra ṣiṣẹ́, ó lè sáré, ó lè dín eré kù, kàkà kó máa kú kó tún máa jí bíi ti àtijọ́. Ó wọ́n jù lọ́jà, ṣùgbọ́n iná tó ń fà kéré bí èèyàn bá ń tàn án fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tó bá ń tàn án fún wákàtí kan péré kó tó sùn, èrè ibẹ̀ ò pọ̀.

Àwọn àmì ara rìmóòtù náà ń kọ́? Èyí tó dà bí yìnyín ni títutù. Èyí tó dà bí ẹ̀kán omi ń gba ọ̀rinrin, ó dáa nígbà òjò tí yàrá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Èyí tó dà bí oòrùn, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Bí éásí yín bá jẹ́ irú èyí tó ń ṣe méjèèjì, ooru ló máa máa da sínú yàrá. Àwọn oníṣẹ́ mọ ìpè yẹn dáadáa: "Ẹ tètè wá o, éásí mi ń gbóná." Wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á tẹ bọ́tìnì kan, ó tán.

Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí éásí mọ bí yàrá ṣe tutù tó. Inú apá tó wà lókè ògiri yẹn ni ojú tó fi ń wo ooru wà. Bí wọ́n bá kàn án sókè wọ́dírópù, àbí kọ́tìnì bò ó, òtútù tó ń fẹ́ á padà wá bá a lójú, á rò pé yàrá ti tutù tán, á dúró. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á sì máa làágùn.

ÀWỌN RẸ́MỌ TÓ WÀ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Àmì oòrùn tí kò wúlò ní Ìkẹ́nnẹ́ yìí, òun gan-an ni wọ́n ń sanwó fún ní ìlú òyìnbó. Nínú éásí tó ń ṣe méjèèjì, fáàfù kan wà tó lè yí ọ̀nà gáàsì padà, kó máa gba ooru níta, kó máa kó o wọlé. Kódà bí ìta bá tutù rinrin, ooru ṣì wà nínú atẹ́gùn tí gáàsì tó tutù jù ú lọ lè gbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní heat pump nìyẹn. Iná yúníìtì kan lè mú ooru tó tó yúníìtì mẹ́ta wá, nítorí pé kì í ṣe ooru, ṣe ló ń kó o. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 2022 láti ran àwọn onílé ní England àti Wales lọ́wọ́, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n sọ owó ìrànwọ́ ọ̀hún di 7,500 pọ́n-ùn fún ẹni tó bá yọ bọ́ílà gáàsì ẹ̀ kúrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bá àwọn èèyàn wa níbẹ̀ jà ni ìwà ká pa á, ká tàn án. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ṣágámù mọ̀ pé bí èèyàn bá ń jáde, ó gbọ́dọ̀ pa gbogbo nǹkan. Bọ́ílà gba ìyẹn, torí ó lè yára gbóná. Heat pump kì í yára. Omi tó ń gbé lọ sínú rédíétọ̀ kì í gbóná tó ti bọ́ílà, ó fẹ́ kí wọ́n fi òun sí ìwọ̀n kan, kí wọ́n fi òun sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń pa á lówùúrọ̀ tó ń tàn án nírọ̀lẹ́, á fi òtútù jẹun alẹ́, á tún san owó iná tó pọ̀. Ìyàtọ̀ rèé: ní Rẹ́mọ, ẹ pa éásí bí ẹ bá jáde, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ rọra dín in kù, ẹ má pa á.

Ẹ̀RÙ TÓ BA ÈÈYÀN JÙ

Owó iná kì í pa èèyàn, jẹnẹrétọ̀ ló ń pa èèyàn. Éásí alápá méjì tí gbogbo wa ń lò kì í mú atẹ́gùn tuntun wọlé láti ìta. Atẹ́gùn inú yàrá kan náà ló ń yí po. Bí wọ́n bá ti fèrèsé pa nítorí éásí, tí jẹnẹrétọ̀ wà ní kọ́rídọ̀ àbí lẹ́bàá fèrèsé, èéfín tí kò ní òórùn á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, àwọn tó sùn ò ní í mọ̀. Bí éásí ṣe ń tutù tó, kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé, kí ẹnu ẹ̀ kọjú sí gbangba. Àti pé, kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" yẹn kò lè gbé éásí kankan, kí ẹnikẹ́ni má fi dánwò.

Bí iná bá lọ tó tún dé lójijì, ẹ jẹ́ kí éásí sinmi tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tàn án. Gáàsì inú ẹ̀ ṣì ń tì lápá kan, kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó bá gbìyànjú láti dìde sí i lè jó. Àwọn tuntun ń dúró fúnra wọn, àwọn àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n ṣe. Níbi tí iná bá máa ń lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, sitebiláísà kì í ṣe àṣejù.

Gáàsì náà ti yàtọ̀ síra wọn. R22 àtijọ́ ń ba ozone jẹ́, ìyẹn ààbò tó wà lójú ọ̀run láàárín wa àti oòrùn. Àdéhùn Montreal ọdún 1987 ló bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú láti lé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ lọ. R410A tó wá lẹ́yìn ẹ̀ lágbára jù ú lọ nínú páìpù, oníṣẹ́ ò gbọdọ̀ fi géèjì R22 wọ̀n ọ́n. R32 lè gbiná díẹ̀, R290 sì gbiná gan-an, torí pé propane ni, ẹ̀gbọ́n gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Ẹ ka ohun tó wà lára éásí yín kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro gáàsì sí i. Ẹni tó bá ní gáàsì ò ju gáàsì lọ, tó sì ń mu sìgá bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kó máa lọ. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Éásí àti kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí wọ́n ti lò wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin dè láti kó wọ Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń tà á lójú títì.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yọ àwọ̀n iwájú ẹ̀ fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòòji kẹ́ ẹ tó dá a padà.